Orúkọ Tí Akọ̀wé Fagi Lé

Ohun tó ba ìfẹ́ àwọn méjì yìí jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá sì rò pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó láti gbàgbé nǹkan, olúwarẹ̀ kò mọ Télọ̀ ni.

Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ń wá sí ọsibítù kékeré tó wà létí odò. Wọ́n á dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó di àmọ́dún nìyẹn. Ogójì èèyàn ni agbára wọn ká. Àwọn tó ń dúró a sì máa lé ní igba. Akọ̀wé ọsibítù ló ń ṣe ìwé orúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú ìwé, Akọ̀wé á lẹ pílásítà funfun mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, á fi bíró kọ nọ́ńbà sí i. Àwọn èèyàn a máa gbé ọwọ́ yẹn sókè bí wọ́n bá ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, kí aráyé lè rí i pé orí wọn ti gbọ́.

Ìyàwó Télọ̀ ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti tó orí ọmọ tuntun. Ìjókòó ló fi ń sùn, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á há. Télọ̀ fẹ́ràn obìnrin yìí bí ojú. Ó ti rán aṣọ kan sílẹ̀ dè é, aṣọ aláwọ̀ ewé tí ọrùn rẹ̀ ṣí gbàgà, nítorí ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ìborùn bo ọrùn káàkiri. Ó ní lọ́jọ́ tí obìnrin náà bá délé, gbogbo àdúgbò ni yóò rí ọrùn ìyàwó òun.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pe nọ́ńbà kẹrìndínlógún. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pe kejìdínlógún. Akọ̀wé ti fagi lé kẹtàdínlógún. Ẹni tí wọ́n fi dípò rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Gbogbo ojú ló rí i. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, gẹ̀gẹ̀ dí ọ̀nà ọ̀fun ìyàwó Télọ̀, ó sì kú lórí àga tó fi ń sùn, nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí àwọn dókítà tún dé.

Télọ̀ lọ dúró lẹ́nu géètì ọsibítù lọ́sàn-án gangan, ó ní Akọ̀wé ti fi ìyàwó òun ra ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akọ̀wé gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, kò dáhùn. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀, kò sọ. Níbi tí ẹnu kì í ti í sinmi, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, Télọ̀ fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú òwú funfun tí kò tíì tú kúrò létí rẹ̀. Kò tà á, kò fún ẹnikẹ́ni wọ̀, kò sì ká a.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Akọ̀wé bí, obìnrin ni. Nílé ìwé, "Ọmọ Afagilé" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan, wọ́n á ní kí wọ́n má ṣe fún un ní bébà mú dání, kó má baà yọ orúkọ ẹlòmíràn. Ó gbé orúkọ yẹn lọ sí yunifásítì, ó gbé e dé ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó di dókítà tán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọsibítù ńlá tí iná kì í ti í kú, òun gbé àpótí rẹ̀, ó padà sí ọsibítù etí odò. Kò fẹ́ kí ìwé orúkọ kankan tún parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mọ́.

Ó mọ̀ pé òun nìkan kò lè ṣe é. Oníṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, omi inú ṣíbí ni lójú ilé tó ń jó. Nítorí náà, ó kó nọ́ọ̀sì méjì àti agbẹ̀bí àgbà kan jọ, ó ń kọ́ wọn ní àwọn iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀: bí a ṣe ń gbé ọmọ tó há sínú jáde, bí a ṣe ń dí ojú ìpá, bí a ṣe ń di iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ní ta ló gbọ́ ọ rí pé nọ́ọ̀sì ń mú ọ̀bẹ. Agbẹ̀bí àgbà náà, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́, dá wọn lóhùn pé òun ti ń rán ara obìnrin kí Dókítà tó hu eyín. Ẹnu ọ̀nà tí òun ń gbà wọlé nìkan ló yí padà.

Akọ̀wé ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ló kọ́ ọmọ rẹ̀ nípa iṣẹ́ náà. Ó ní kó máa bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ kẹ́yìn, kó má sì bi í lẹ́ẹ̀kan. Kó bi í bó bá ti wọlé, kó bi í bó bá ń pààrọ̀ aṣọ, kó tún bi í nígbà tó bá ti wà lórí tábìlì. Nítorí ẹni tó bá jẹun kí wọ́n tó fi oògùn kùn ún lóorun, oúnjẹ náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun padà, kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á síbẹ̀.

"Èèyàn lè parọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá mi," ni Akọ̀wé wí. "Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú á tì í."

Dókítà rò pé àṣejù akọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Tábìlì ló mú un pàdé ọkùnrin náà. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún sí ẹ̀yìn aláìsàn kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ lè kú, kó má mọ̀ pé ọ̀bẹ ń kọjá. Bí orí aláìsàn kò bá ga díẹ̀, oògùn náà lè gun òkè dé àyà, kí èémí dúró. Tábìlì ọsibítù náà kò ṣeé gbé sókè níbi orí. Bíríkì ni wọ́n ń kì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bíríkì kan là sí méjì lábẹ́ ìyá ọlọ́mọ kan, tó jẹ́ pé Ọlọ́run ló yọ ọ́, Dókítà bọ́ ibọ̀wọ́, ó wọ bàtà, ó gba òpópónà àwọn jórinjórin lọ.

Ọkùnrin gíga kan tó fi dígí dúdú sójú ló tẹ̀ lé e padà. Nígbà tí wọ́n dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀ gbọrọ sórí tábìlì náà, ó ní òun kì í tún ibùsùn tí òun kò tíì sùn lórí rẹ̀ ṣe. Ó wo òkè fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé ohun tí wọ́n máa ń rí rèé, Dókítà? Àjà dúdú tí aláǹtakùn kọ́lé sí?"

"Òun ni wọ́n ń rí kẹ́yìn kí oorun tó gbé wọn."

"Ẹ wá ń fi ìyẹn sin èèyàn sọ́nà," ọkùnrin náà wí. "Ẹ kò láàánú."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tábìlì ti ń gbé orí sókè bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò. Lọ́jọ́ Àìkú, Jórinjórin tún yọ pẹ̀lú garawa ọ̀dà àti àkàbà. Ó kun àjà yàrá náà ní àwọ̀ ojú ọ̀run, láti igun dé igun, ó ní kò sí nínú àdéhùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́. Ọ̀dà kán sí i nírun. Dókítà bá a yọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń wá àwáwí. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan á yẹ̀, ó di dandan kí Jórinjórin wá. Ilẹ̀kùn kan á máa dún, òun náà ni. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò rí ọsibítù tí irin rẹ̀ ń bàjẹ́ nírọ̀lẹ́ nìkan rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lórí àga onípákó tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Jórinjórin ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, pé ògbólógbòó télọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọ nù. Ó ní bó o bá jẹ ẹ́ ní bọ́tìnnì kan, lógún ọdún sí i, á ṣì rántí iye ojú tó wà lára rẹ̀. Ó sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ó mẹ́nu ba aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó wà lára ògiri.

Dókítà mọ ìtàn aṣọ náà. Ó lè dákẹ́. Ó rò ó lójú ẹsẹ̀ pé òun lè dákẹ́ di ọ̀la, kí òun ṣáà jẹ ìrọ̀lẹ́ kan yìí tán.

"Èmi ni ọmọ Akọ̀wé," ó wí.

Jórinjórin wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tí irin ti kán. Ó dìde, ó ṣa sùpánà rẹ̀ sínú àpò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi yọjú. Dókítà ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n bó bá ṣèèṣì gbójú sókè nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo ojú ọ̀run yẹn á máa wò ó nílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó bá ọkùnrin náà lórí àga onípákó.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbìyànjú láti kórìíra rẹ," Jórinjórin wí. "Ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́ náà."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ló gbà láti ṣe alárinà. Ó ya abẹ́ apá yunifọ́ọ̀mù ara rẹ̀ kó lè rí ohun tí yóò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Ó bá ọkùnrin náà níbi ẹ̀rọ, ó yìn ín, ó béèrè ìlera rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa oòrùn àti òjò, kó tó wá kan ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ yín ti tó ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó ti rí ẹni tó wù ú, ẹni náà sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gba ẹ̀mí èèyàn là lójoojúmọ́. Télọ̀ kò gbójú sókè títí ó fi rán apá aṣọ náà tán. Ó gé òwú, ó ká yunifọ́ọ̀mù náà dáadáa, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ìdílé yẹn ti mú ẹnì kan lọ́wọ́ mi," ó wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kò ní òmíràn."

Ìyá Abẹ́rẹ́ padà wá jíṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n kí Dókítà wo bí aṣọ òun ṣe jókòó sí èjìká. Ọ̀tá ni Télọ̀ lóòótọ́, kì í ṣe oníṣẹ́ burúkú.

Jórinjórin lọ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ dandan ni kó fẹ́ ẹ, kó já aṣọ ara ògiri yẹn lọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí àwọn ará ilé wọn mọ bí a ṣe ń wọ ohun tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà jáde láìwẹ̀yìn. Ó sọ fún Dókítà pé òun kò lè fẹ́ ẹ lẹ́yìn bàbá òun, ẹni tó dá òun tọ́ láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá láìfẹ́ ìyàwó mìíràn, òun kò sì lè fi Dókítà sílẹ̀. Dókítà ní òun gbọ́. Wọ́n wá dà bí ẹni tó dúró láàárín odò: iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, omi sì ń kún.

Dókítà bínú lọ bá bàbá tirẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tí kò bi í rí láti kékeré: kí ló dé tó fagi lé obìnrin náà? Akọ̀wé bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kàn lórí ìwé àwọn tó ń retí àyè, nọ́ńbà kọkànlélógójì. Dókítà ní ìyẹn kọ́ ni òun bi í. Akọ̀wé fi dígí náà padà sójú, ó ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ire. Ọ̀sán ni, ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni iyèméjì ti wọ inú Dókítà. Ó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń bomi rin òdòdó, ó ń rò ó pé: ṣé ọwọ́ yìí náà ni? Ṣé bí olè ṣe ń rí ní alẹ́ ayé rẹ̀ nìyí, á máa bomi rin òdòdó?

Lọ́dún kẹta lẹ́yìn tí Télọ̀ kọ̀, nǹkan kan so sínú ikùn Akọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án, ó sì mọ̀ lójú kan náà. Ó ti tàn dé ibi tí ọ̀bẹ kò lè bá a dé. Oníṣẹ́ abẹ tí àwọn èèyàn ń rìn ọjọ́ méjì wá bá, kò rí nǹkan kan ṣe fún bàbá ara rẹ̀ ju kó máa yí ìrọ̀rí rẹ̀ padà lọ. Nígbà tó ku díẹ̀, ó tún bi í. Ó ní òun kò ní bínú. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ṣe é nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó ṣáà sọ ọ́, kí òun mọ irú ẹni tí òun ń sin.

Akọ̀wé ti gbẹ bí igi. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ìyá mi, mo ṣèlérí fún ẹnì kan pé n kò ní sọ ọ́. Ẹni náà ti lọ, kò lè tú mi sílẹ̀ mọ́."

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Télọ̀ kò ti ilẹ̀kùn, kò dìde. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dún lọ ṣá. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rí ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn tó gbé pósí. Ẹ̀rọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí di Ọjọ́rú kan lọ́dún kẹrin.

Lọ́jọ́ náà, oògùn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó kù nílé kò ju ti èèyàn mẹ́rin lọ. Èyí tí wọ́n béèrè láti oṣù tó kọjá ṣì wà lójú ọ̀nà, àbí kò tilẹ̀ tíì kúrò níbi tó ti ń bọ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà yan mẹ́rin, ó lẹ pílásítà mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó sì bẹ àwọn méje yòókù. Ẹ̀bẹ̀ kì í wo àìsàn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti ṣe mẹ́ta. Ìkẹrin jẹ́ ìyá kan tí ìju inú ilé ọmọ ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Ọkọ rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Ìgbà náà ni Jórinjórin ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù wọ inú ọgbà, bàbá rẹ̀ ká kò sínú rẹ̀.

Ìpá ni. Ọdún méje ni Télọ̀ ti ń fi í pamọ́ sábẹ́ ṣòkòtò tó ń fúnra rẹ̀ rán ní fífẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, ó yọ jáde, kò sì padà wọlé mọ́. Dókítà fọwọ́ kàn án: ó le, ó gbóná. Ìfun ti há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá fi di ìrọ̀lẹ́, yóò rà. Télọ̀ la ojú, ó rí ẹni tó dúró lé òun lórí.

"Kò sí ẹlòmíràn?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ bí a ṣe ń dí ìpá, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé a ó gé nínú ìfun, kò tíì kọ́ ọ débẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ mìíràn tó sún mọ́ wọn jù, ìrìn-àjò ọjọ́ kan ni. Jórinjórin kò ṣàlàyé èyíkéyìí nínú rẹ̀.

"Bàbá, òun ló wà," ó wí.

Dókítà mú ìwé orúkọ. Ó fagi lé nọ́ńbà kẹrin. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń fa igi náà, ó sì dà bí ọwọ́ bàbá rẹ̀, àní bó ṣe ń tẹ bíró. Ó yọ pílásítà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó lẹ tuntun mọ́ Télọ̀ lọ́wọ́. Ọkọ obìnrin náà ti dìde dúró, báàgì já bọ́. Ó ní Dókítà, ta lẹ fi dípò wa? Ẹnì kan nínú àwọn tó jókòó gbà á dáhùn, ó ní bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni, ṣé kì í ṣe ọmọ Afagilé ni? Dókítà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, àkókò kò sí. Ó pa ẹnu dé. Báyìí ni èèyàn ṣe ń dákẹ́, ó rò ó nínú ara rẹ̀.

Kó tó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi Télọ̀ ohun tó jẹ kẹ́yìn. Télọ̀ ní láti àná, òun kò fẹnu kan nǹkan. Nígbà tí wọ́n ń wọ aṣọ ọsibítù fún un, Ìyá Abẹ́rẹ́ tún bi í. Ó ní òun ti sọ, ṣé adití ni wọ́n ni, ta ló sì rán aṣọ burúkú yìí? Ìyá Abẹ́rẹ́ ní ẹni tó yẹ kó rán an kọ̀ jálẹ̀ ni.

Jórinjórin bá wọn gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà sẹ́yìn ìlà pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rékọjá rẹ̀. Dókítà ti fọ ọwọ́, ó ti wọ ibọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà, nítorí ọwọ́ tó ti mọ́ báyẹn kò gbọdọ̀ kan nǹkan kan mọ́ ju iṣẹ́ lọ.

Télọ̀ ń wo òkè.

"Ta ló kun àjà yìí?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá."

"Nítorí ta?"

"Nítorí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀."

Omi ojú ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ etí ọkùnrin náà. Ó lè jẹ́ ìrora. Dókítà tẹ orí sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Kí lẹ jẹ kẹ́yìn?"

Télọ̀ fi ìka ọwọ́ kejì pa pílásítà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó lẹ̀ dáadáa.

"Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó yọ mí."

"A kò ní yọ yín. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Rọ́bà kan la ó fi gba ihò imú fà á jáde. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Ẹ kì í yọ èèyàn mọ́?"

"Bàbá."

"Búrẹ́dì," Télọ̀ wí. "Láàárọ̀ yìí. Búrẹ́dì àti tíì." Wọ́n rò pé ó ti parí. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti na ọwọ́ sí rọ́bà. "Búrẹ́dì náà ni mo fún un."

"Ta ni?"

"Ìyá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní kó má jẹ, kó má mu. Mo ní irú òfin wo nìyẹn, ta ló ń fi ebi rán èèyàn sábẹ́ ọ̀bẹ? Kò fẹ́. Mo bù ú sí i lẹ́nu, mo sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Bàbá rẹ rí èérún rẹ̀ lára ìborùn, ó mú un lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé wọn, mo gbọ́ ọ. Kò sunkún nítorí ara rẹ̀. Ó ń bẹ Akọ̀wé ni, pé kó má jẹ́ kí ọkọ òun mọ̀ pé oúnjẹ ni, kó ní ìwé ló kún. Bàbá rẹ ní òun gbọ́."

Omi ti kún ojú Dókítà, ó sì ń dà sínú ìbòmú rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì wà lókè, kò lè fi nù ún. Ìyá Abẹ́rẹ́ mú aṣọ, ó bá a nù ún. Ó tún kún.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó rántí "Ọmọ Afagilé". Ó rántí òdòdó tí bàbá rẹ̀ ń bomi rin, àti ojú tí òun fi ń wò ó. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rán padà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan ń kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ padà sínú báàgì.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá," Dókítà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn lè gbọ́."

Télọ̀ pa ojú dé. Ó tún un là sí ojú ọ̀run tí ọmọ rẹ̀ kùn. Ó sì sọ ọ́ sókè, bó ṣe sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kìíní:

"Èmi ni mo fagi lé ìyá rẹ. Akọ̀wé kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."